ÀPÒ AKẸ́KỌ̀Ọ́: BÍ A ṢE LÈ FI OWÓ DÍẸ̀ RA ÀPÒ TÍ YÓÒ GBA KÁMẸ́RÀ ÀTI ÌWÉ

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, ohun kan tí ó dàbí ohun kékeré ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ àpò ni. Ẹlòmíràn lè wí pé, kí ni ó wà nínú àpò tí a ó fi jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ lé e lórí? Ṣùgbọ́n bí a bá wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà tóbi ju bí a ti rò lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń kàwé tí ó sì ń ya fọ́tò. Láàárín ọ̀sẹ̀, wọn a wà ní kíláàsì. Bí ó bá di òpin ọ̀sẹ̀, wọn a gbé kámẹ́rà lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ, ibi yìgì tàbí ibi wòlímọ̀. Owó tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń ra ìwé, òun náà ni wọ́n fi ń san owó ilé tí wọ́n ń gbé. Kámẹ́rà ọ̀hún, tòkunbọ̀ ni, owó tí wọ́n sì fi rà á, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n tu ú jọ. Nítorí náà, bí kámẹ́rà bá bàjẹ́ lọ́wọ́ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gun ọ̀kadà láti Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń lọ sí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá. Ó ti kámẹ́rà bọ àárín ìwé nínú àpò rẹ̀, ó sì fi ike omi lé e lórí. Ọ̀kadà bọ́ sínú kòtò, ìdérí ike omi tú, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Kí ó tó dé kíláàsì, ìwé ti rin, omi sì ti wọ inú kámẹ́rà. Olè kò jà á, kò sì ṣubú. Bí ó ṣe di ẹrù rẹ̀ ni ó fa àdánù náà. Irú àdánù yìí ni ẹ̀kọ́ wa fẹ́ dènà.

1. ẸKỌ́ LỌ́DỌ̀ ÀWỌN TI ÌṢÁÁJÚ

Kì í ṣe òní ni àwọn oníwèé ti ń ronú nípa àpò. Ní ayé àtijọ́, ní ilẹ̀ Hausa àti ní ibi púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn àáfà kì í rán ewé Al-Kùránì tí wọ́n fi ọwọ́ kọ pọ̀. Ewé kọ̀ọ̀kan a dá dúró, wọn a tò wọ́n léra, wọn a sì kó wọn sínú àpò awọ tí ó ní ìdérí àti okùn. Gafaka ni Hausa ń pe irú àpò bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀: ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wọ̀n kí wọ́n tó gé awọ. Bí àpò bá tóbi jù, ewé a máa yí kiri, a dàrú, etí rẹ̀ a sì gbó. Bí ó bá kéré jù, ewé a ká.

Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n máa ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èso igi tí Hausa ń pè ní bagaruwa ni wọ́n sì fi ń pọ́n ọn kí ó má baà rà. Awọ láti Kánò àti Sókótó rékọjá aṣálẹ̀ Sàhárà dé Mòrókò, ó sì ti ibẹ̀ dé Yúróòpù, tí wọ́n fi ń pe púpọ̀ nínú rẹ̀ ní awọ Mòrókò. Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ọmọ Jámánì, dé Kánò ní 1851, ó kọ̀wé nípa bàtà àti awọ tí wọ́n ń kó láti ibẹ̀ lọ tà ní ọ̀nà jíjìn.

Ní Ọ̀yọ́ tiwa náà, iṣẹ́ awọ ti pẹ́. Àwọn Ìsọ̀nà ni ó ń ṣe àpò, tìmùtìmù, àkọ̀ idà àti ohun ọ̀ṣọ́ ẹṣin. Sábó ẹ̀wẹ̀, tí ó wà ní Ọ̀yọ́ tí ó sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, inú Sabon Gari ni orúkọ rẹ̀ ti jáde, èyí tí í ṣe ìlú tuntun ní èdè Hausa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá àpò ní ìlú méjèèjì yìí, kò jìnnà sí ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí a fẹ́ mú lọ́wọ́ àwọn ti ìṣáájú ni ìlànà wọn: kí á wọn ẹrù kí á tó wá àpò. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń ṣe òdìkejì. Àwọ̀ àpò a wù wá, a ó rà á, lẹ́yìn náà ni a ó wá máa ki ẹrù bọ̀ ọ́.

2. Ẹ KỌ́KỌ́ GBÉ ẸRÙ YÍN LÉ ÌWỌ̀N

Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń gbé jáde lójúmọ́ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní òṣùwọ̀n kí ó bá yín wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò náà pọ̀. Kámẹ́rà bíi Canon EOS 1100D tí ó jáde ní 2011, tí ó pọ̀ nínú tòkunbọ̀, kò ju gíráàmù 495 lọ tòun ti bátìrì. Bí a bá fi lẹ́ǹsì kékeré tí ó máa ń bá a wá kún un, ó di nǹkan bíi gíráàmù 700. Ṣájà àti bátìrì kejì lè jẹ́ 150. Fíláàṣì àti bátìrì rẹ̀ lè jẹ́ 400. Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta lè jẹ́ 750. Ìwé ńlá kan, kílò kan. Kọ̀ǹpútà alágbèéká, kílò méjì. Ike omi, 750. Agbòjò, 400. Àpapọ̀ rẹ̀ ju kílò mẹ́fà lọ díẹ̀. Bí àpò fúnra rẹ̀ bá wọn gíráàmù 900, ó ti di kílò méje.

Àwọn onímọ̀ ìlera máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí ẹrù ẹ̀yìn akẹ́kọ̀ọ́ má ju ìdá mẹ́wàá sí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Arákùnrin tí ó wọn kílò 60, ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kílò mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lọ. Arábìnrin tí ó wọn kílò 50, márùn-ún sí méje àbọ̀ ni tirẹ̀. Ẹ rí i pé ẹrù tí a kà yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá agbára rẹ̀. Kí ni ó yẹ kí ó ṣe? Kí ó fi ìwé ńlá sílẹ̀ ní ọjọ́ tí kò ní lò ó, kí ó sì fi fíláàṣì sílẹ̀ bí kò bá ní yàwòrán nínú ilé. Àpò ńlá kò ní mú ẹrù fúyẹ́. Ńṣe ni ó máa ń pe ẹrù mìíràn wá.

3. ÌWỌ̀N ÀPÒ

Ẹ mú okùn ìwọ̀n télọ̀ lọ sí ọjà, ẹ má fi ojú wọn àpò. Ìwé tí a ń pè ní A4 gùn ní sẹ̀ǹtímítà 29.7, ó sì fẹ̀ ní 21. Àpò tí inú rẹ̀ ga tó 42, tí ó fẹ̀ tó 30, tí ó sì jìn tó 18, yóò gba ohun tí a kà sókè yìí láìfúnpọ̀. Ẹ wọn inú rẹ̀, ẹ má wọn ẹ̀yìn, nítorí pé aṣọ àti fóòmù a máa jẹ nínú àyè.

Àpò ẹ̀yìn dára fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ wúwo, tí ó sì ń rìn jìnnà, nítorí pé èjìká méjèèjì ni ó pín in gbé. Kí okùn rẹ̀ fẹ̀, kí a sì gbé e kọ́ èjìká méjèèjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Àpò ẹ̀gbẹ́ dára fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò tó kílò mẹ́ta, tí ó sì fẹ́ máa yára yọ kámẹ́rà. Ẹ̀yin arábìnrin wa mọ̀ pé okùn àpò ẹ̀gbẹ́ a máa yọ̀ lórí hìjáàbù, a sì máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí okùn náà gùn tó láti dábùú àyà láti èjìká kan sí ìbàdí kejì, kí ó sì ní ohun tí a fi ń dín in kù.

4. AṢỌ, AWỌ, SÍPÙ ÀTI ÌRÁNṢỌ

Kánfáàsì tí ó nípọn lágbára, kì í tètè ya, aránṣọ sì lè tún un ṣe. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń mu omi. Náílọ́ọ̀nù fúyẹ́, ó sì ń yára gbẹ. Awọ Ọ̀yọ́ lẹ́wà, bí a bá sì ń fi òróró pa á, ó lè pẹ́ ju aṣọ lọ. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Nítorí náà, a kò gbani nímọ̀ràn pé kí kámẹ́rà máa sùn sínú àpò awọ. Bí ẹ bá fẹ́ awọ, ẹ ra àpò kánfáàsì, kí aláwọ ràn yín lọ́wọ́ láti fi awọ bo ìdí rẹ̀ àti ibi tí okùn ti so mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an ni ó máa ń kọ́kọ́ já.

Sípù ni ó ń pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpò. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, nígbà mẹ́wàá lójú ẹni tí ó ń tà á. Bí ó bá há lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ fi í sílẹ̀. Eyín sípù tí ó tóbi dára ju èyí tí ó wẹ́ lọ. Ẹ lè rí nọ́ńbà 5, 8 tàbí 10 lẹ́yìn orí sípù. Nọ́ńbà yìí sún mọ́ ìbú eyín rẹ̀ ní mìlímítà nígbà tí ó bá padé. Fún àpò ojoojúmọ́, 8 ni a fẹ́ràn fún ẹnu rẹ̀ tí ó tóbi jù.

Ẹ wo ibi tí okùn ti wọ ara àpò. Ìlà ìránṣọ kan ṣoṣo kò tó. Ó yẹ kí wọ́n rán an yípo ní igun mẹ́rin, kí wọ́n sì fi ìlà méjì dábùú àárín rẹ̀. Bí àpò tí ó wù yín kò bá ní èyí, aránbàtà Sábó lè fi abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú tí ó le rán an fún yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Àpò òkìrìká lè dára ju tuntun lọ bí a bá mọ̀ ọ́n yàn. Ẹ yí inú rẹ̀ síta. Bí ohun tí wọ́n fi kun inú aṣọ náà bá ti ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tàbí tí ó ń hó bí èépá, ẹ má rà á, nítorí pé èépá náà yóò máa wọ ara lẹ́ǹsì. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Àpò tí ó bá ń rùn bí ilé tí ó ti bu yóò kó àrùn ran kámẹ́rà.

5. ÀPÒ INÚ: IBI TÍ OWÓ TI DÍN KÙ

Ìdí ọ̀rọ̀ wa nìyí. Àpò tí wọ́n dìídì ṣe fún kámẹ́rà wọ́n, kì í sì í sábà ní àyè fún ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń sanwó fún jù lọ nínú rẹ̀, fóòmù tí a fi aṣọ bò ni. Fóòmù àti aṣọ kò wọ́n. Ẹ ra àpò ìwé tí ó dára, kí ẹ sì rán àpò kékeré tí kámẹ́rà yóò máa wọ̀ sí ìdí rẹ̀.

Irú fóòmù wo? Kì í ṣe èyí tí ó wà nínú tìmùtìmù àga, nítorí pé ó ń mu omi bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Irú èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ sálúbàtà tàbí nínú ẹní tí a ń ká ni kí ẹ wá. Ẹ gé díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ rì sínú abọ́ omi, kí ẹ sì fún un. Bí omi kò bá ro jáde láti inú rẹ̀, òun ni. Kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Kámẹ́rà tí a dárúkọ lókè, bí a bá dojú lẹ́ǹsì rẹ̀ kọ ilẹ̀, fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 13, ó nípọn ní 10, ó sì ga tó 14. Ẹ fi ẹyọ kan kún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè rọrùn láti yọ: 14, 11, 15. Fóòmù ọ̀tún àti òsì, iwájú àti ẹ̀yìn, òkè àti ìsàlẹ̀, yóò gba méjì méjì. Nítorí náà, ìta àpò inú yóò jẹ́ 16, 13 àti 17. Nínú àpò tí ó fẹ̀ ní 30 tí ó sì jìn ní 18, àpò inú yìí yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ṣájà àti fíláàṣì yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún yóò sì kù lẹ́yìn fún ìwé àti kọ̀ǹpútà. Kí ẹ má gbàgbé láti tẹ́ fóòmù mìíràn sí ìdí àpò ńlá, nítorí pé a máa ń ju àpò sílẹ̀ láìmọ̀.

Ike omi kò gbọdọ̀ bá kámẹ́rà gbé inú yàrá kan náà. Àpò ẹ̀gbẹ́ ti ìta ni kí ó wà. Bí ẹ bá ń gbé Al-Kùránì, ẹ fún un ní àyè tirẹ̀ ní òkè, níbi tí bàtà, oúnjẹ tàbí okùn ṣájà kò ní kàn án.

6. ÒJÒ, ỌYẸ́ ÀTI Ọ̀RINRIN

Láti bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ má gba ẹni tí ó bá sọ pé omi kò lè wọ àpò òun gbọ́. Aṣọ rẹ̀ lè má gba omi, ṣùgbọ́n omi a máa gba ojú sípù àti ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Ọ̀rá ńlá kan tí a ká sínú àpò ẹ̀gbẹ́ ni agbòjò àpò tí kò wọ́n rárá.

Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Kí ìdérí lẹ́ǹsì má kúrò lórí rẹ̀ bí a kò bá yàwòrán, kí a sì máa gbọn inú àpò dànù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ọ̀rinrin ni ó burú jù, nítorí pé a kì í rí i. Bí kámẹ́rà bá wà nínú àpò tí ó rin fún ọjọ́ púpọ̀, ohun kan yóò hù sójú lẹ́ǹsì bí òwú aláǹtakùn, irú èyí tí ó máa ń hù sára búrẹ́dì tí ó ti bu. Ó lè jẹ ojú lẹ́ǹsì débi tí kò ní ṣeé nù mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá délé, ẹ yọ kámẹ́rà jáde, kí ẹ sì sá àpò sí afẹ́fẹ́. Àwọn hóró kéékèèké tí ó máa ń wà nínú àpò bébà nínú páálí bàtà tuntun, ẹ má dà á nù. Ó ń fa ọ̀rinrin. Ẹ fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú àpò inú, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀.

7. OLÈ ÀTI AMÁNÀ

Jim Domke, ayàwòrán ìwé ìròyìn Philadelphia Inquirer ní Amẹ́ríkà, ṣe àpò kánfáàsì kan ní àárín àwọn ọdún 1970 fún iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àpò náà rọ̀, ó sì fúyẹ́, kò jọ àpótí kámẹ́rà. Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún wa. Àpò tí a kọ orúkọ ilé iṣẹ́ kámẹ́rà gàdàgbà sí lára ń sọ fún olè pé, wá wo ohun tí ó wà nínú mi. Ẹ ra èyí tí ó jọ àpò ìwé lásán. Lórí ọ̀kadà, ẹ gbé e kọ́ àyà. Nínú ọkọ̀, ẹ gbé e lé itan, ẹ má fi í sí búùtù. Ní mọ́sálásí, iwájú yín ni kí ó wà, kì í ṣe ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

Ohun kan tún wà tí ó ju kámẹ́rà lọ. Bí ẹ bá ti ibi yìgì dé, àwòrán tí ó wà nínú káàdì, amánà ni. A lè ra kámẹ́rà mìíràn, ṣùgbọ́n a kò lè so yìgì náà lẹ́ẹ̀kejì nítorí fọ́tò. Àwòrán àwọn obìnrin ilé onílé sì wà níbẹ̀, tí wọn kò fẹ́ kí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ yọ káàdì kúrò nínú kámẹ́rà, kí ẹ fi í sínú ike kékeré, kí ẹ sì gbé e sí àpò aṣọ tí ó ní bọ́tìnnì. Bí àpò bá tilẹ̀ sọnù, amánà kò ní sọnù.

8. OWÓ

Ẹ̀sìn wa kò fẹ́ ìnákúnàá, kò sì fẹ́ ahun. Báwo ni a ṣe lè rìn láàárín méjèèjì? Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò. Bí àpò kan bá jẹ́ ₦8,000 tí ó sì já lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ₦2,000 ni ó ná wa lóṣù. Bí òmíràn bá jẹ́ ₦18,000 pẹ̀lú owó fóòmù àti ìránṣọ, tí ó sì lo ọdún mẹ́ta, ₦500 péré ni lóṣù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò pe èkínní ní ọ̀pọ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ₦18,000 lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ jẹ gbèsè nítorí àpò. Kí ó rán àpò inú lónìí, kí ó fi í sínú àpò tí ó ní tẹ́lẹ̀, kí ó sì tu owó èyí tí ó dára jọ díẹ̀díẹ̀. Àpò inú yóò bá a wọ àpò tuntun.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

(1) Kí ni ó yẹ kí a wọ̀n ṣáájú, ẹrù ni tàbí àpò? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.
(2) Ẹ wọn àpò yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ìdá mélòó nínú ìwúwo ara yín ni?
(3) Kí nìdí tí kámẹ́rà kò fi gbọdọ̀ máa sùn sínú àpò awọ?
(4) Kámẹ́rà yín wà nínú àpò tí ó sọnù. Ǹjẹ́ amánà ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún yín sọnù pẹ̀lú rẹ̀ bí? Kí ni ẹ lè ṣe lónìí kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀?